Èsì: Agbaṣẹ́ṣe lórí ìwé, òṣìṣẹ́ lójú iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní iléeṣẹ́ kan ní Ìbarà kọ ọ́ pé agbaṣẹ́ṣe ni yín, síbẹ̀ aago mẹ́jọ lẹ gbọ́dọ̀ dé, kọ̀ǹpútà wọn lẹ ń lò, owó kan náà ni wọ́n ń san lóṣooṣù. Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ ni yín.

Orúkọ tó wà lórí ìwé nìkan kọ́ ni ilé ẹjọ́ ń wò. Nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak lọ́dún 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí a wo bí wọ́n ṣe ń sanwó, ẹni tó ni irinṣẹ́, ẹni tó ń yan àkókò àti ibi iṣẹ́, àti bóyá èèyàn lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Aládìrẹ Ìtòkú tí ẹ gbé aṣọ fún lè ní kí ọmọ iṣẹ́ òun rẹ ẹ́ láró, kò kàn yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ lè rán àbúrò yín lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?

Owó tó yẹ kí wọ́n máa san lórí òṣìṣẹ́ ni iléeṣẹ́ yín ń sá fún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá 8.

Tó bá jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe gan-an lẹ fẹ́ jẹ́, kí wọ́n dá owó lé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lo irinṣẹ́ tiyín, kí ẹ sì ní oníbàárà míì. Ẹ má pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí wọ́n fi ń bá yín wí pé ẹ pẹ́ dé rẹ́ o; ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni yín.