Àyẹ̀wò ní kò sí nǹkan, kí ló dé tí orí ọmọ mi ṣì ń fọ́?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, àti ọmọ mìíràn forí gbárí níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn. Kò dákú. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀ orí ṣì ń fọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, bó bá sì kàwé díẹ̀ á ní ojú òun ń ṣú. Bàbá rẹ̀ ní kó wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn títí ara rẹ̀ á fi yá. Olùkọ́ wọn ní kó wá gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àìsùn ọmọ. Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Yàrá òkùnkùn náà, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lónìí.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ ohun tí àwa dókítà ń pè ní concussion: ọpọlọ rẹ̀ mì nínú agbárí. Ẹni tó gbé garawa omi tó ń sáré, tó wá dúró lójijì, garawa á dúró, omi inú rẹ̀ kò ní dúró. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe ni kì í dákú rárá.

Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí àti egungun tó ṣẹ́ ni wọ́n ń wá nínú àwòrán yẹn. Ohun ayọ̀ ni pé wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ọmọ yín kì í hàn nínú àwòrán. Nígbà tí ọpọlọ mì, iyọ̀ tó yẹ kó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tú jáde, èyí tó yẹ kó wà níta sì wọlé. Sẹ́ẹ̀lì nílò ṣúgà púpọ̀ láti tún un tò, àsìkò yẹn gan-an sì ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ṣúgà wá dín kù. Ìnáwó ń pọ̀ sí i, owó tó ń wọlé ń dín kù. Ìwé kíkà, fóònù, ariwo, ìnáwó ni gbogbo wọn. Nítorí náà, bó bá ní orí ń fọ́ òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Mo tọ́jú ọmọbìnrin kan tó máa ń fọwọ́ bo etí bí ṣíbí bá ti kan abọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ó ń ṣàṣejù ni.

Ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́ ni ìsinmi tó pọ̀ wà fún. Àwa dókítà náà ti ń sọ ti yàrá òkùnkùn rí, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé títi èèyàn mọ́lé pẹ́ máa ń jẹ́ kí àìsàn náà pẹ́ lára rẹ̀ ni. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ti ìwé, bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kẹwàá ni orí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, kó dúró ní ìkẹjọ, kó sinmi, kó tún padà. Bí orí fífọ́ bá le sí i díẹ̀ tó sì rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan, kò burú. Ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó lè lo paracetamol, ṣùgbọ́n kó má di ti ojoojúmọ́, torí oògùn náà lè wá di ohun tó ń fọ́ orí.

Ilé ìwé ló máa ṣáájú bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó bá ń jókòó ní kíláàsì dé ìparí láìsí ìnira ló tó padà sí pápá, ní ìpele mẹ́fà: láti orí ìrìn díẹ̀, sí eré sísá, sí gbígbá bọ́ọ̀lù láìfara kanra, títí dé ìdíje. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín sí wákàtí 24, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ibi ìfarakanra. Bí orí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì jinná bá tún gba ìkọlù, ọpọlọ lè wú. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ọmọdé. Ní 2006, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Zackery Lystedt, ọmọ ọdún 13, forí gbá ilẹ̀, wọ́n dá a padà sínú ìdíje ọjọ́ yẹn kan náà, ó sì fara gbọgbẹ́ ọpọlọ ńlá. Ní 2009 ni wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá fura pé ó ní concussion kò gbọdọ̀ padà sí pápá láìsí ìwé àṣẹ oníṣègùn. Ẹ sọ èyí fún olùkọ́ wọn.

Bó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí oorun ń kùn ún débi pé ẹ kò lè jí i, tí gìrì gbé e, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí dúdú ojú kan tóbi ju èkejì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ mú un padà wá.

Ní Sátidé, bí ariwo kò bá yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó máa wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé.