Ṣé òótọ́ ni pé arábìnrin Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìrọ̀rí pa ọkọ rẹ̀, ọba Pọ́túgà, bó ṣe wà nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Tudors?

Rárá, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣe eré náà ló hun ún. Arábìnrin Henry méjì ni wọ́n sọ di ẹyọ kan. Mary, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 18, ló fẹ́ arúgbó ọba, Louis Kejìlá ti ilẹ̀ Faransé, lóṣù kẹwàá ọdún 1514. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọba náà fi wàjà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pa á. Ọba Skọ́tílándì ni Margaret, ẹ̀gbọ́n Henry, fẹ́ ní 1503. Yíyọ tí wọ́n yọ ìgbéyàwó Margaret yìí kúrò nínú eré náà ló ba ìtàn jẹ́ jù, torí ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀, James, ló jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1603. Ìgbéyàwó pẹ̀lú Charles Brandon, ọ̀rẹ́ Henry, tí wọ́n fi hàn nínú eré náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Mary ló fẹ́ ẹ.