Táńkì omi, bọ́ọ̀dù kékeré àti Python: ṣé dandan ni kí n kọ́ C?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, Àpáta ni mò ń gbé níbí ní Ìbàdàn. Tí a bá ti tan pọ́ǹpù báyìí, a máa ń gbàgbé rẹ̀ títí omi á fi máa ya láti orí táńkì sí ojúde, tí àwọn ará ilé á máa pariwo. Mo fẹ́ ṣe ohun kékeré kan tí á máa ké tí táńkì bá kún. Mo gbọ́ Python díẹ̀, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, òun ni mo fi ń ṣírò máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Python kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, àfi kí n lọ kọ́ C, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Ṣé lóòótọ́ ni? Bọ́ọ̀dù wo, ìyẹn kọ̀ǹpútà wẹ́wẹ́ tí a lè so wáyà mọ́, ni kí n rà?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Ní 2013 ni Damien George, ọmọ Ọsirélíà kan, gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí Kickstarter, ìkànnì tí wọ́n ti ń dáwó fún iṣẹ́ tuntun, láti ṣe Python kan tó kéré tó èyí tí á gba inú ṣíípù wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ọpọlọ irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. MicroPython ni wọ́n ń pè é. Python tí ẹ fi ń ṣírò máàkì náà ni, ẹrù tó wúwo ni wọ́n sọ̀ kúrò lórí rẹ̀. `if` ṣì ni `if`, `while` ṣì ni `while`.

Ṣé ó lọ́ra ju C lọ? Ó lọ́ra dáadáa. Ṣùgbọ́n táńkì tó ń gba ogójì ìṣẹ́jú kó tó kún, kí la fẹ́ fi ìyára ṣe níbẹ̀? Kí bọ́ọ̀dù yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ti pọ̀ jù.

Raspberry Pi Pico ni kí ẹ rà. Dọ́là mẹ́rin ni wọ́n fi gbé e jáde ní 2021. Ẹ má retí pé ẹ máa rí i ní iye yẹn níbí, owó ọkọ̀ àti èrè ọlọ́jà á gun orí rẹ̀. Kílóbáìtì 264 péré ni ìrántí rẹ̀, fọ́tò kan tí fóònù yín yà kò lè gba inú rẹ̀, ó sì tó iṣẹ́ yìí tó tún ṣẹ́kù. ESP32, bọ́ọ̀dù mìíràn, náà dára, ó ní Wi-Fi. Pico W tó jáde ní 2022 náà ní in. Ohun tó máa kàn ké nínú ilé kò nílò Wi-Fi o. Tí ẹ kò bá ní irin ìjóléèdì nílé, ẹ béèrè Pico H, torí wọ́n ti jó àwọn ẹsẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn irin wẹ́wẹ́ tí a ń so wáyà mọ́, mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́.

Okùn USB ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe Python. Ọmọkùnrin kan gbé Pico wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní ọjà òkú ni wọ́n tà fún òun. Mo wo okùn ọwọ́ rẹ̀, okùn tó bá tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń ṣájì wá ni. Mo gé e níwájú rẹ̀: wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, pupa àti dúdú. Iná ni méjèèjì ń gbé; àwọn méjì tó yẹ kó máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti bọ́ọ̀dù kò sí níbẹ̀ rárá. Mo fi okùn fóònù mi àtijọ́ sí i, Pico rẹ̀ sì jí. Okùn tí ẹ fi ń kó fọ́tò láti fóònù sí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò.

Ẹ tẹ bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ BOOTSEL sí lára, ẹ má ju ú sílẹ̀, kí ẹ wá ki okùn bọ kọ̀ǹpútà. Ohun kan á yọ bíi fáláàṣì, orúkọ rẹ̀ á jẹ́ RPI-RP2. Ẹ ju fáìlì UF2, èyí tó gbé MicroPython, tí ẹ gbà láti micropython.org sínú rẹ̀. Á pòórá lójú kan náà. Ẹ má fòyà, ó ń tún ara rẹ̀ tàn ni. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Thonny, ohun tí a fi ń kọ kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Tartu ní orílẹ̀-èdè Estonia fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan MicroPython ti Pico, kí ẹ tẹ èyí:

```
from machine import Pin
ina = Pin(25, Pin.OUT)
ina.on()
```

Iná kékeré kan á tàn lára bọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ Pico W ni, "LED" ni kí ẹ kọ sí ipò 25.

Ó yá, táńkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé kí ẹ ra HC-SR04, èyí tó ń fi ìró wọn bí omi ṣe jìnnà tó. Èmi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ooru omi inú táńkì á sì rọ̀ sí i lára. Èyí tí omi kì í wọ̀, JSN-SR04T, kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà lọ, ibi tí táńkì ti ń kún gan-an nìyẹn. Lékè gbogbo rẹ̀, volt 5 ni ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Echo ń tú jáde, 3.3 sì ni Pico lè gbà. Mo ti sun bọ́ọ̀dù kan bẹ́ẹ̀ rí. Kò ṣe èéfín, kò rùn, ó kàn dákẹ́.

Fúlóòtì kékeré tó ní wáyà méjì ni kí ẹ rà. Tí omi bá gbé e sókè, wáyà méjèèjì á kan ara wọn, ó parí. Ẹ so wáyà kan mọ́ ẹsẹ̀ Pico tí wọ́n ń pè ní GP15, èkejì mọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní GND. Ẹ so ẹsẹ̀ S ti bọ́sà, ohun tó máa ké, mọ́ GP14. Kó jẹ́ bọ́sà tó ní bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀, torí ẹsẹ̀ Pico kò lágbára tó láti dá bọ́sà gbé. Ó wá ku:

```
from machine import Pin
import time

fulooti = Pin(15, Pin.IN, Pin.PULL_UP)
bosa = Pin(14, Pin.OUT)

while True:
    if fulooti.value() == 0:
        bosa.on()
    else:
        bosa.off()
    time.sleep(1)
```

`PULL_UP` yẹn ló ń mú kí ẹsẹ̀ náà dúró sí 1 nígbà tí wáyà kò bá kan ara wọn. Tí ẹ bá yọ ọ́, bọ́sà á máa ké bó ṣe wù ú. Wáyà yín á gùn láti orí ilé wá sí pálọ̀, nítorí náà ẹ fi resistor (ohun kékeré tó ń dín iná kù) kílò-ohm mẹ́wàá kan sáàárín GP15 àti 3V3, torí resistor tí `PULL_UP` ń lò nínú ṣíípù kò lágbára tó fún wáyà gígùn. Àwọn bọ́sà kan wà tó jẹ́ pé 0 ló ń mú wọn ké; tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi `on` àti `off` pààrọ̀ ipò.

Ẹ fi orúkọ `main.py` tọ́jú rẹ̀ sínú Pico, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì mú un dé, Pico fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ṣájà fóònù ló yẹ kí ẹ fi gbé e. Ọ̀pọ̀ páwà báńkì máa ń pa ara wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, torí iná tí Pico ń mu kéré débi pé wọ́n á rò pé kò sí nǹkan kan lẹ́nu wọn.

Mo mọ ohun tó máa wá sí yín lọ́kàn: kí Pico kúkú máa pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Relay, ìyẹn súìṣì tí bọ́ọ̀dù lè tàn tàbí pa, lè ṣe é. Ṣùgbọ́n volt 230 ni ti pọ́ǹpù, lẹ́bàá omi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ṣe ìyẹn, kí ẹ̀yin mú ti kóòdù. Kí ẹ tó gun orí táńkì rárá, ẹ ju fúlóòtì sínú korobá omi nílẹ̀ pálọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tì í sókè tì í sísàlẹ̀. Tí bọ́sà bá ń ké nígbà tí omi kò sí, ìdí fúlóòtì ló wà lókè. Ẹ yọ ọ́, ẹ dà á dé.