Èsì: Ṣé iṣẹ́ Cignetti ni àbí oríire ló gbé Indiana débi tó dé ní 2024?

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ni o. Ní 2023, ìdíje 3 péré ni Indiana, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti yunifásítì Indiana, yege nínú 12. Curt Cignetti wá dé bíi olùkọ́ni àgbà láti yunifásítì James Madison, kò sì dá wá: agbábọ́ọ̀lù 13 ló tẹ̀ lé e láti ibẹ̀, pẹ̀lú Shanahan tó ń darí ìkọlù àti Haines tó ń darí ìgbèjà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fisher àti Ponds, méjì nínú àwọn agbèjà tó tẹ̀ lé e, ti gbọ́ ìpè Haines yó kí wọ́n tó dé, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn ní ábídí mọ́. Quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré ìkọlù lórí pápá, ni wọ́n lọ wá níbòmíì: Kurtis Rourke, láti yunifásítì Ohio (kì í ṣe Ohio State o).

Mẹ́wàá ni wọ́n jẹ léraléra, Michigan 20-15 ló ṣìkẹwàá. Ẹ̀yin tó ní àwọn alátakò wọn kò le ò parọ́ tán, torí Ohio State tú wọn fó, 38-15. Ẹ wò ó dáadáa: kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ iwájú ò rí i mú, Ohio State gbà á nítòsí ilé Indiana. Lẹ́yìn ìsinmi, Caleb Downs ti Ohio State gbé bọ́ọ̀lù tí Indiana fẹsẹ̀ gbá sáré yáàdì 79 wọlé. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n wó Rourke lulẹ̀, àwọn tó ń dáàbò bò ó ò rójú.

Indiana fi 66-0 na Purdue lẹ́yìn náà, àmọ́ Notre Dame lé wọn kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje àṣekágbá, 27-17. Jeremiyah Love ti Notre Dame nìkan sá yáàdì 98 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.