Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé iṣẹ́ tó ṣeé gbára lé ni iṣẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, mo sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ilé ẹ̀kọ́ náà láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé n kò lè fi gbígbá rẹ̀ jẹun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ní kí n wá máa gé fídíò eré fún àwọn. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan fẹ́ kí n wá ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, àmọ́ owó wọn kò tó nǹkan. Èwo ni kí n mú, ṣé ènìyàn sì lè fi iṣẹ́ yìí gbọ́ bùkátà? — Agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ kọ́ni

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹni tí ẹ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sára aṣọ yín lọ. Ohun tó bá ojú ló ń bá imú: bí wọ́n bá lé olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tuntun tó bá dé sábà máa ń kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ wá, igbákejì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni á sì palẹ̀ ẹrù mọ́, á kó ìyàwó àtọmọ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Lójú tèmi, èyí ni ìnira tó ga jù nínú iṣẹ́ náà. Ó ju àìsùn lọ.

Àìsùn náà sì wà níbẹ̀ o. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì, kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù lò ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ fún ìdánrawò àti eré nígbà tí sáà bá ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí igbákejì. Àwọn igbákejì máa ń pín àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ kojú láàárín ara wọn, ẹni tí ẹgbẹ́ kan bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò jókòó ti fídíò wọn lóru, tí yóò máa dá a dúró, tí yóò tún máa dá a padà sẹ́yìn, títí yóò fi rí i pé ọmọkùnrin tó ń darí eré wọn kì í ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nígbàkígbà tó bá gba apá òsì, àfi kó fún ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní láti fi ohun tó rí yé àwọn ọ̀dọ́ tí ìdánwò ń dúró dè. Lọ́jọ́ eré, bí alátakò bá na ìka sókè láti pe ètò wọn, òun ni yóò fò dìde lórí àga, tí yóò sì pariwo ohun tó ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Bí wọ́n bá já bọ́ọ̀lù náà gbà, orúkọ agbábọ́ọ̀lù ni àwọn òǹwòran yóò máa pè. Ẹni tí èyí bá dùn mọ́ nínú nìkan ni mo lè gbà níyànjú pé kó wọ iṣẹ́ yìí.

Igbákejì náà ló tún ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti 2018 tí NCAA ti ṣí ètò ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì, sáà kò tíì parí tán tí fóònù yóò fi máa dún. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra gan-an, nítorí ní oṣù Kẹsàn-án 2017, FBI, àjọ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, mú igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́rin láti yunifásítì mẹ́rin lórí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbà níkẹyìn pé àwọn jẹ̀bi.

Ní ti owó, ní 1991 NCAA ṣòfin pé irú igbákejì kan kò gbọdọ̀ gbà ju 16,000 dọ́là lọ lọ́dún. Àwọn tí òfin náà dùn gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n jàre, nígbà tó sì di 1999 NCAA gbà láti san mílíọ̀nù 54.5 dọ́là fún wọn. Lónìí, igbákejì ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá ń gbowó tó jọjú; ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ọ̀pọ̀ ṣì ń fi iṣẹ́ mìíràn kún un.

Kò pọn dandan kí ẹ máa ṣí kiri. Bill Guthridge lo 30 ọdún gẹ́gẹ́ bí igbákejì lábẹ́ Dean Smith, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì North Carolina, kó tó di olórí níbẹ̀ ní 1997. Mark Few dé yunifásítì Gonzaga ní 1989 nípò tó rẹlẹ̀ jù, ó sì di olórí níbẹ̀ ní 1999.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ilé ẹ̀kọ́ kékeré ni mo máa lọ, bí ọ̀gá ibẹ̀ bá lè fún yín ní ìdánrawò darí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí kíkọ́ni lẹ sọ pé ẹ fẹ́, ẹni tó ń gé fídíò sì lè lo ọdún mẹ́ta láìbá agbábọ́ọ̀lù kan sọ̀rọ̀ lórí pápá. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ bi ọ̀gá náà pé ta ló wà nípò yẹn ṣáájú yín, níbo ló wà báyìí, kí ẹ sì pe onítọ̀hún lórí fóònù.