Ṣé Okùn Inú Ọpọlọ Ọkùnrin Yàtọ̀ sí Ti Obìnrin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọkọ mi kà á níbì kan pé iwájú sí ẹ̀yìn ni okùn inú ọpọlọ ọkùnrin ń lọ, pé ti obìnrin ń ti ọ̀tún sọdá sí òsì. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í gbọ́ ohun tí mo bá sọ nígbà tí òun bá ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé láti kékeré títí dọjọ́ ogbó ló sì rí bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: A kí yín, ìyá wa. Ìwádìí náà wà lóòótọ́. Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ìparí ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ 949 wò, láti ẹni ọdún 8 títí dé 22. Ẹ̀rọ náà ń tọ ipa omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn okùn tín-ín-rín tó so apá kan ọpọlọ mọ́ òmíràn. Ní ìpíndọ́gba, okùn tó dúró sínú ìlàjì ọpọlọ kan ṣoṣo, yálà ti ọ̀tún tàbí ti òsì, ló lágbára jù lára ọkùnrin, èyí tó sọdá sí ìlàjì kejì ló sì lágbára jù lára obìnrin. Ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìpàkọ́, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni wọ́n bá, àwọn tó ń tan ìròyìn náà kálẹ̀ kì í sì í sábà mẹ́nu kan èyí.

Ní ti ọjọ́ orí, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan lára àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà. Àárín ọdún 13 sí 17 ló ti túbọ̀ hàn. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn àgbà 5,216 wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2018, wọ́n rí ìyàtọ̀ níbẹ̀ náà, síbẹ̀ ìwọ̀n tọkùnrin tobìnrin wọnú ara wọn gan-an.

Títóbi ọpọlọ ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ọpọlọ ọkùnrin fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti obìnrin lọ ní ìpíndọ́gba. Bí ọpọlọ bá sì ṣe tóbi tó ni ọ̀nà láti ọ̀tún sí òsì ṣe ń jìn tó, èyí tó mú kí okùn púpọ̀ dúró sí ìlàjì tó ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ọpọlọ ọkùnrin tàbí ti obìnrin.

Ní ti bọ́ọ̀lù, ńṣe ni àwọn ọ̀dọ́ náà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ. Kò sí ìyàwó kankan nítòsí tó ń pè wọ́n.