Ìjàpá ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọ̀

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ní ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lóṣù tó kọjá, a kó àwọn ọmọ lọ wo ọgbà ẹranko. Àwọn ìjàpá tí a rí níbẹ̀, ẹ̀yìn wọn le bí òkúta. Tiwa tí a rà lọ́wọ́ ọmọ Háúsá kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tẹ̀ wọnú. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti tẹ̀tẹ̀ la ń fún un. Yàrá ìkẹ́rùsí ló ń gbé, nítorí olè àti ìjàlọ. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Egungun ni ẹ̀yìn ìjàpá. Ìhà àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Egungun tí kò lágbára ni àtàǹpàkò yín ń tẹ̀ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ìjàpá inú igbó tiwa níhìn-ín, tó bá ti dàgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ní oríkèé lápá ìdí, ó sì ń pa á dé bí ilẹ̀kùn tí ẹ̀rù bá bà á. Olú, ìgbín, ọ̀kùn àti èso tó já sílẹ̀ ló ń jẹ, ibòòji tó tutù ló sì ń fẹ́. Wọ́n ti gbé ọ̀kan wá bá mi rí láti oko kòkó lápá Ìjerò. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀, àṣé wọ́n ti sá a sóòrùn bí èlùbọ́! Tiyín, mo fura pé ìjàpá etí aṣálẹ̀ ni: àwọ̀ iyanrìn, pẹ̀lú ìpẹ́ ṣóńṣó bí ẹ̀gún nídìí itan. Tó bá jẹ́ òun, koríko àti oòrùn layé rẹ̀.

Oòrùn ni ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D, òun ló sì ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ dé egungun. Èyí tó gba gíláàsì fèrèsé wọlé kò ṣe iṣẹ́ yẹn, ká má tíì wá sọ ti yàrá ìkẹ́rùsí. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù ṣe ọgbà kékeré fún un níta, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa torí agbẹ́lẹ̀ ni, kí ibòojì sì wà lápá kan. Lálẹ́, tàbí tí òjò bá ń rọ̀, ẹ gbé e síbi tó gbẹ. Tí imú rẹ̀ bá ń yọ fóòmù, òtútù lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìyẹn.

Búrẹ́dì àti ìrẹsì, ẹ dá wọn dúró lónìí. Koríko ni kó pọ̀ jù, ewé híbísíkọ́ọ̀sì náà dára. Tẹ̀tẹ̀ ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ó dára fún wa lóòótọ́, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń di kálísíọ̀mù mú nínú ìfun, tí yóò sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ máa wọ́n díẹ̀ sórí koríko rẹ̀.

Ó lè le padà, àmọ́ tí àwọn òkìtì bá ti yọ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn ò ní tẹ́jú mọ́. Àlọ́ ní wọ́n tò ó pọ̀ nígbà tó jábọ́ láti ọ̀run. Òótọ́ wà níbẹ̀ o, ẹ̀yìn tó sán máa ń jinná.

Tí àwọn ọmọ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹun láìfi ọṣẹ wẹ ọwọ́. Salmonella, ìbátan kòkòrò táífọ́ọ̀dù, lè wà lára ìjàpá tí kò ṣàìsàn rárá.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá lè gbé àyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó bá ń rìn, ẹ má dúró de oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹ gbé e wá, kí a ya àwòrán egungun rẹ̀.